Ìlú kan, aṣojú méjì: bí Àríwá Abẹ́òkúta, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ọ̀dẹ̀dá ṣe di ẹkùn ìdìbò kan

Bí ẹ bá ń gbé Ọ̀bántokò, tí ẹ sì rò pé aṣojú Gúúsù Abẹ́òkúta ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ yín ní Àbújá, ilé onílé lẹ ń kanlẹ̀kùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ló ni Ọ̀bántokò. Òun náà ló ni Camp, títí dé ojú ọ̀nà Àlàbátà tí yunifásítì FUNAAB wà. Òṣíẹ̀lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dẹ̀dá náà ni. Ẹni tó bá wọ Micra ní Kútọ̀, tó gba Àsẹ̀rò kọjá, kò ní mọ ibi tí òun ti jáde nínú ẹkùn kan bọ́ sínú òmíràn. Kò sí odò, kò sí bodè. Ṣọ́ọ̀bù, ilé epo àti ilé ìjọsìn ló tò lọ bẹẹrẹ. Gbogbo rẹ̀ ni Abẹ́òkúta lójú ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Lójú INEC, ọ̀tọ̀ ni.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ ibi tí ẹ wà ni kí ẹ yọ káàdì ìdìbò yín, kí ẹ wo nọ́ńbà ibùdó ìdìbò tó wà lórí rẹ̀. Ti Ìpínlẹ̀ Ògùn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 27. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ti ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù, ibùdó ìdìbò ló wá gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ẹni tó jẹ́ aṣojú yín, kì í ṣe ibi tí ẹ sùn mọ́jú, kì í sì í ṣe ìlú bàbá yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó forúkọ sílẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó ní kánsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan. Ó ní aṣòfin kan ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mósàn, tó ń ṣojú Ọ̀dẹ̀dá nìkan. Ó ní aṣojú-ṣòfin kan ní Àbújá, àmọ́ òun àti ará Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ará Àríwá Abẹ́òkúta ni wọ́n jọ ni onítọ̀hún. Ó wá ní sẹ́nétọ̀ kan tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 6 tó wà ní Àárín Gbùngbùn Ògùn jọ ń pín: àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, Gúúsù Abẹ́òkúta, Ifọ̀ àti Èwékorò. Èyí tó wà láàárín, ti aṣojú-ṣòfin, ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, òun náà ni ìtàn rẹ̀ sì dùn jù.

Ògùn ní ẹkùn aṣojú-ṣòfin 9. Mẹ́ta nínú rẹ̀ wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Gúúsù Abẹ́òkúta dá dúró, kò bá ẹnikẹ́ni pín. Ifọ̀ àti Èwékorò jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó kù ni Àríwá Abẹ́òkúta, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ọ̀dẹ̀dá. Nígbà tí Dimeji Bankole ń ṣe olórí ilé aṣojú-ṣòfin láti 2007 sí 2011, ọ̀pọ̀ ará Ọ̀dẹ̀dá ló ń pè é ní aṣojú wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gúúsù Abẹ́òkúta ló fi ìbò gbé e lọ.

Ẹ wá wo bí ilẹ̀ méjèèjì ṣe tó. Gúúsù Abẹ́òkúta kò ju bíi kìlómítà 71 níbùú lóròó lọ: Aké, Ìtòkú, Kútọ̀, Ìbarà, àwọn ibi tí òrùlé ti ń gun òrùlé. Ẹkùn kejì lé ní 3,700. Ìlọ́po 50 rẹ̀ àti lé. Ó gba Láfẹ́nwá àti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó nínú ìlú, ó jáde lọ sí Ìmàlà àti Ìsàgà-Orílé, ó gba ibi ìdídò Ọyán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983 kọjá, ó yà sí Ọ̀dẹ̀dá àti Orílé-Ìlúgùn lọ́nà Ìbàdàn, ó wá rọ́ wá sí Kọ́bapẹ́, Ṣíún, Owódé àti Ọ̀fadà, títí tó fi dé Mowé àti Ìbafò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Aṣojú-ṣòfin tó bá fẹ́ bẹ gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ̀ wò kò lè ṣe é lọ́jọ́ kan, àgàgà bí òjò bá ti rọ̀.

Àwọn kan á ní INEC ló fi àìbìkítà da ìgboro àti ìgbèríko pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju INEC lọ.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, ìlú tí ogun tú ká nínú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n wá tún kó jọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú àdúgbò tirẹ̀. Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, wọ́n padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti sá wá, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń tẹ abúlé dó. Àmọ́ wọn kò kó ilé kúrò ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó lo ọdún 40 ní abúlé lẹ́bàá Ọbáfẹ́mi ṣì lè ní àgbàlá ní Ìkìjà tàbí Kémta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ oyè, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé òkú lọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gan-an jẹ́ àpẹẹrẹ kan: ọmọ Òwu ni, Abẹ́òkúta ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n abúlé Ìbógùn-Ọláògùn ni wọ́n bí i sí, ìyẹn sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Ṣókórí ló ti ń dìbò, ní Àríwá Abẹ́òkúta. Ìyẹn ni pé ààrẹ tẹ́lẹ̀ àti àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó wà ní Òpéjì, aṣojú-ṣòfin kan náà ni wọ́n ní.

Bí wọ́n ṣe ń gbé yìí náà ni wọ́n ṣe ń ṣèlú. Baálẹ̀ abúlé ń jíṣẹ́ fún olóyè àdúgbò rẹ̀ nínú ìlú, olóyè yẹn ló sì ń bá ọba sọ̀rọ̀. Ohùn oko ń gba ẹnu ilé jáde. Kò sí ìṣòro kan títí dìgbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rán àṣẹ sí oko láìgbọ́ tẹnu oko.

Ẹ̀gbá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1893 pé wọ́n á máa ṣàkóso ara wọn. Láti 1898 ni wọ́n ti ní ìjọba tiwọn tó ń jẹ́ Egba United Government. Lọ́dún 1914 ni gbogbo rẹ̀ dópin, lẹ́yìn tí àwọn sójà yìnbọn pa èèyàn ní Ìjemọ̀. Lugard wá mú owó-orí tuntun dé. Àwọn tó ń gbà á jókòó nínú ìlú, àwọn tó ń san án wà lóko, iṣẹ́ àfipáṣe lójú ọ̀nà sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1918 ni àwọn ará oko dìde. Ogun Àdùbí ni wọ́n ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ títí dòní. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n pa Òṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni Gẹ̀ẹ́sì kó jáde láti fi tẹ̀ wọ́n rì. Nínú gbogbo ìtàn ìṣèlú agbègbè wa yìí, mi ò rí ohun tó ṣàlàyé rẹ̀ tó ogun náà. Àwọn abúlé wọ̀nyí kò ní ìbò. Kò sí ilé aṣòfin tí wọ́n lè rán ẹnikẹ́ni lọ. Ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n fi dá ìjọba lóhùn.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, owó-orí kan náà ló tún da ilẹ̀ rú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, inú ìgboro ni, obìnrin ló sì ṣe é. Ìjà Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta láti 1947 ti di ìmọ̀ gbogbo èèyàn, n kò ní tún un rò. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, ó padà dé lópin 1950, wọ́n sì fagi lé owó-orí àwọn obìnrin. Ohun tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé lára àwọn ìyálọ́jà tó jókòó síwájú ààfin yẹn, àwọn tó ń gbé ìrẹsì, gàrí àti èkùrọ́ wá láti abúlé wà níbẹ̀. Oúnjẹ oko ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, kí ìjọba fi bọ́ sójà nígbà ogun Hitler. Ọ̀rọ̀ oko ni ìjà ìgboro yẹn.

Ìdìbò wá dé lọ́dún 1951, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Ará abúlé kì í dìbò yan aṣòfin fúnra rẹ̀. Wọ́n á pé jọ, wọ́n á yan àwọn tó máa lọ yan àwọn mìíràn, àwọn yẹn ló máa wá jókòó ní olú ìlú ẹkùn, kí wọ́n tó yan ẹni tó ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gba ìpele bí i mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, ta ló máa kù nínú ajọ̀? Ọ̀mọ̀wé, lọ́yà, tíṣà àgbà, oníṣòwò ńlá: ará ìlú. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà díje lábẹ́ NCNC, kò wọlé. Ìdìbò tààrà dé lọ́dún 1954, àmọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tó ń san owó-orí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí. Àwọn obìnrin tó jà kí wọ́n má san owó-orí ni wọ́n wá sọ fún pé ẹni tí kò san án kò lè dìbò. Ọdún 1959 ni gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dìbò sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nínú ìjókòó 312 tó wà nígbà náà, 62 ni ti Ìwọ̀-Oòrùn. NCNC kò fún Fúnmiláyọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún yẹn, ó dá dúró láìsí ẹgbẹ́, ìbò àwọn Alákùkọ, ìyẹn NCNC, pín sí méjì, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, sì gba àárín wọn kọjá.

Ọ̀rọ̀ Dẹ́mọ̀ àti wẹ́tìẹ̀, ìyẹn rògbòdìyàn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn kí sójà tó dé, gba odidi àlàyé tirẹ̀. Ohun tó kan wa níbí ni pé sójà gba ìjọba ní 1966, kò sì sí ìdìbò sílé aṣòfin fún ọdún 13.

Inú ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n gé ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé lọ́dún yẹn, Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé sì di ìjọba ìbílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, oko ní ọ́fíìsì tirẹ̀: ará Olódò kò ní láti wá sí Aké mọ́ kó tó rí ẹni fọwọ́ sí ìwé fún un. Nígbà tí wọ́n dìbò lọ́dún 1979, ilé aṣojú-ṣòfin ní èèyàn 449, Ògùn mú 12 níbẹ̀. Ẹgbẹ́ UPN oníná ló kó gbogbo rẹ̀, òun náà ló kó ìjókòó 36 tó wà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, Bísí Ọnàbánjọ sì di gómìnà. Lọ́dún 1991, wọ́n la Abẹ́òkúta sí Àríwá àti Gúúsù. Àkómọjẹ ni Àríwá jókòó sí, Gúúsù dúró sí Aké.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Nínú ìdìbò ọdún 1992, lábẹ́ ètò Babangida, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ló ní aṣojú-ṣòfin kọ̀ọ̀kan, ilé náà sì ní èèyàn 593. Ìyẹn ni pé Ọ̀dẹ̀dá ní tirẹ̀. Ọbáfẹ́mi-Owódé ní tirẹ̀. Àríwá Abẹ́òkúta ní tirẹ̀. Kò tọ́jọ́. Abacha tú ilé náà ká ní oṣù kọkànlá 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò June 12 tí M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Gbágùrá tiwa níbí, jáwé olúborí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí àgbà ọlọ́ṣèlú kan bá sọ ní Ọ̀dẹ̀dá pé, “Àwa náà ti ní ọmọ wa ní Àbújá rí,” ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Ọdún 1996 ni wọ́n tún ààlà ẹkùn ìdìbò pín kẹ́yìn. Wọ́n fi ilé aṣojú-ṣòfin sí 360, òfin ọdún 1999 sì kọ iye yẹn sílẹ̀. Láti 12 tó ní lọ́dún 1979, Ògùn já sí 9. Gúúsù mú ọ̀kan, wọ́n sì ká àwọn mẹ́ta tó kù jọ sójú kan. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí kò yé mi tán: òfin ní kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye aṣojú-ṣòfin tí ìpínlẹ̀ náà ní. 9 lọ́nà mẹ́ta, 27 ni. Àwọn tó wà ní Òkè-Mósàn, 26 ni wọ́n.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ará ìlú tàbí ọmọ ẹni ńlá ló sábà máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹkùn yìí? Ẹ ka wọ́ọ̀dù. Àríwá Abẹ́òkúta ní 16, Ọbáfẹ́mi-Owódé ní 12, Ọ̀dẹ̀dá ní 10 péré. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá fi aṣojú láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan olùdíje, Ọ̀dẹ̀dá ti kéré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Olúmidé Ọ̀ṣọbà, ọmọ gómìnà àná Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, wọlé níbẹ̀ lọ́dún 2011 lábẹ́ ACN, ó sì tún padà wọlé lọ́dún 2019 lábẹ́ APC. Àwọn kan máa ń bínú pé ẹni tí kì í gbé oko ló ń ṣojú oko. Wọ́n lè bínú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ pé ó lòdì sófin. Òfin kò béèrè ọmọ onílẹ̀, kò béèrè ibùgbé. Ó ní kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n dín in kù), kó kàwé dé ìwọ̀n ìwé ẹ̀rí girama, kó sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó fà á kalẹ̀. Ó parí.

Ohun kan wà tó ń yí ìṣirò yẹn padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbèríko ni à ń pe Ọbáfẹ́mi-Owódé, ṣùgbọ́n ẹ dúró ní Mowé ní agogo márùn-ún ìdájí, kí ẹ wo bí dáńfó ṣe ń kó èrò lọ sí Bẹ́gà. Àwọn tó ń gbé Mowé, Ìbafò àti Màgbòrò, púpọ̀ nínú wọn kò ní àgbàlá kankan ní Abẹ́òkúta. Wọn kò mọ Àdùbí, wọn kò mọ olóyè àdúgbò kankan. Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ṣì ń padà lọ dìbò ní Agége tàbí Kẹ́tu nítorí wọn kò tíì gbé ìforúkọsílẹ̀ wọn wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá tán, ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní ẹkùn yìí máa ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá.

Ọ̀rọ̀ LCDA, ìyẹn àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ gé jáde lára ìjọba ìbílẹ̀, ti da nǹkan rú mọ́ àwọn kan lórí. Lọ́dún 2016, ìjọba Amósùn dá 37 irú wọn sílẹ̀ kún ìjọba ìbílẹ̀ 20, ó di 57. Àwọn abúlé kan rò pé aṣojú tuntun máa dé nìyẹn. Rárá o. Ìpínlẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀, òfin àpapọ̀ kò mọ̀ wọ́n, INEC kò sì ka ìkankan nínú wọn mọ́ ẹkùn ìdìbò. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ibùdó ìdìbò tuntun. INEC sọ ti Ògùn di 5,042 lọ́dún 2021, láti 3,210. Ìyẹn dín títò lórí ìlà kù. Kò fi ẹyọ ìjókòó kan kún un ní Àbújá.

Ìkànìyàn ọdún 2006 rí bíi 250,000 èèyàn ní Gúúsù Abẹ́òkúta. Ó rí bíi 540,000 nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ẹkùn kejì. Bí a bá pín iye gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kà lọ́dún yẹn, tó lé ní mílíọ̀nù 140, sí ọ̀nà 360, nǹkan bíi 390,000 ló yẹ kó wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Abala 72 nínú òfin ní kí àwọn ẹkùn sún mọ́ iye yẹn tó bá ti lè ṣeé ṣe. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ìkejì ré e kọjá gan-an, ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti jáde. Lójú tèmi, ẹjọ́ tí ará Ọ̀dẹ̀dá lè rò nìyẹn, dípò kó máa bínú sí ìdílé ẹnikẹ́ni.

Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ pé òfin ní kí INEC tún ààlà pín ní ọdún 10-10. Ohun tí abala 73 sọ ni pé àlàfo àárín àtúnpín méjì kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10. Kò sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìdí rèé tí ààlà ọdún 1996 fi wà níbẹ̀ títí di báyìí láìsí ẹni tó lè ní dandan ọdún ti pé. Bí INEC bá sì tún un pín, abala 74 ní ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn 360 tó gba ẹkùn tó wà nílẹ̀ yìí wọlé, pẹ̀lú àwọn sẹ́nétọ̀ 109, ni yóò dìbò bóyá kí wọ́n gé ẹkùn náà, àtúnpín náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí sáà tiwọn yóò fi parí.